Olùtọ́jú Sàréè àti Ìwé Rẹ̀: Ìtọ́nà fún Ọmọ Tó Wà Lókè Òkun

Nígbà tí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London tàbí Houston bá fẹ́ gba ẹni tí yóò máa bójú tó sàréè òbí rẹ̀ nílé, power of attorney ni ọkàn rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Ẹnìkan á ti sọ fún un pé láìsí i, iṣẹ́ ò lè bẹ̀rẹ̀. Á sanwó fún lọ́yà, á gba òǹtẹ̀ níbi mélòó kan, á sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gé koríko, kó fọ táìsì, kó sì kun lẹ́tà orúkọ tó ti ṣí. Agbára tó wà nínú ìwé yẹn pọ̀ ju iṣẹ́ náà lọ fíìfíì.

Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀ ní 1993, nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara, pé power of attorney kì í gbé ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún ẹnìkan láṣẹ láti ṣe nǹkan ní ipò ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá pààlà sí i, “nǹkan” yẹn lè jẹ́ títa ilẹ̀, gbígba owó, tàbí fífọwọ́ síwèé lórúkọ ẹbí. Bí sàréè bá wà nínú ọgbà ilé ní Ìkòròdú tàbí Ìbàdàn, níbi tí ilẹ̀ ti gbówó lórí, kíkó irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń gé koríko dà bíi kí onílé kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé fún ẹni tó wá pọn omi.

Ìwé tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ gan-an kéré sí i, kò sì wọ́n: ẹ̀rí pé sàréè náà jẹ́ ti ẹbí, lẹ́tà àṣẹ tí olùtọ́jú yóò fi han ẹni tó wà lẹ́nu géètì, àti àdéhùn láàárín òun àti ẹni tó ń sanwó. Èyí àkọ́kọ́ ló máa ń fa wàhálà jù, nítorí pé ó ti yẹ kó wà látọjọ́ ìsìnkú, kì í sì í sí lọ́wọ́.

Ibi tí sàréè wà ló ń sọ irú ìwé tí a ó wá

Òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin, gbé dídá itẹ́ òkú sílẹ̀ àti títọ́jú rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, bí òkú bá wà ní itẹ́ òkú ìjọba, irú bíi Atan ní Yábàá, ọ́fíìsì tó wà nínú itẹ́ náà tàbí ní kánsù ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé ńlá wà, èyí tí wọ́n ń kọ orúkọ òkú, ọjọ́ ìsìnkú àti nọ́ńbà sàréè sí. Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ ìjọ. Itẹ́ òkú aládàáni ní ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì yẹ kí ènìyàn béèrè lọ́wọ́ wọn ná bóyá owó ìtọ́jú ti wà nínú iye tí wọ́n san nígbà ìsìnkú. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ọmọ ń sanwó fún olùtọ́jú tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti gba owó iṣẹ́ kan náà lọ́wọ́ ẹbí.

Ní itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí, irú bíi Àbàrí ní Erékùṣù Èkó, kí ọmọ kọ́kọ́ bá àwọn aláṣẹ ibẹ̀ àti ìmáàmù ẹbí sọ̀rọ̀ kó tó kọ ohunkóhun nípa mábù tàbí táìsì sínú àdéhùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ kí wọ́n kọ́ nǹkan sórí sàréè. Gígé koríko àti dídáàbò bo ààlà sàréè ni iṣẹ́ olùtọ́jú níbẹ̀.

Ìdí tí nọ́ńbà sàréè fi ṣe pàtàkì kò jìnnà. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kú ní ọjọ́ 31 Dìsẹ́ńbà 1891, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun wó itẹ́ òkú náà. Wọ́n kó egungun Crowther lọ sí Kàtídírà Church of Christ ní Marina. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n sin sí Ajẹ́lẹ̀ ló rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ fa títì tàbí kọ́ ilé gba inú itẹ́ òkú, ẹbí tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn wà nínú ìwé ọ́fíìsì ni wọ́n lè pè. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùtọ́jú ṣe, kó tó fọwọ́ kan àdá rárá, ni pé kó lọ sí ọ́fíìsì lọ wo àkọsílẹ̀ sàréè náà, kó sì rí i pé nọ́ńbà ọmọ òkú wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí àkọsílẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, kó wo àwọn sàréè ọmọ ogun tó wà nínú itẹ́ òkú Yábàá. Commonwealth War Graves Commission, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Maidenhead ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń tọ́jú wọn. Àjọ yìí ń bójú tó ìrántí àwọn ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 1.7 ní orílẹ̀-èdè tó ju 150 lọ. Orúkọ, ọjọ́ ikú, itẹ́ òkú àti nọ́ńbà sàréè ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹni tí sàréè rẹ̀ jẹ́ mímọ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọ-ọmọ tí kò dé Èkó rí lè sọ ojú ibi tí bàbá bàbá rẹ̀ wà. Ẹbí kan ṣoṣo lè ṣe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sójú ewé kan.

Ẹ̀rí pé sàréè jẹ́ ti ẹbí

Ìwé ẹ̀rí ikú ni àkọ́kọ́. Èyí tí ilé ìwòsàn fúnni, tó sọ ohun tó pa olóògbé, yàtọ̀ sí èyí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn, ìyẹn National Population Commission, ń fúnni lábẹ́ òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ti 1992. Ti àjọ náà ni kí ọmọ gbé síwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni rìsíìtì ìsìnkú, èyí tó sábà máa ń ní nọ́ńbà sàréè lára, àti ìwé ìyọ̀ǹda láti kọ́ ibojì bí wọ́n bá kọ́ ọ.

Orúkọ ló sábà máa ń dá iṣẹ́ dúró. Bàbá tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Ìbejì lè jẹ́ Ezekiel nínú ìwé ẹ̀rí ikú, kó jẹ́ Adéyẹmí lórí òkúta ibojì, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Manchester sì máa jẹ́ orúkọ ọkọ nínú páàsípọ́ọ̀tù. Akọ̀wé itẹ́ òkú kò mọ bí àwọn mẹ́ta yìí ṣe tan mọ́ra. Afidáfíìtì láti kóòtù gíga, tí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà nílé bá búra sí, á so orúkọ náà pọ̀. Kí wọ́n lẹ ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìbí àti ìwé ìgbéyàwó mọ́ ọn.

Bí sàréè bá wà nínú ilé, kò sí kánsù tó máa béèrè rìsíìtì, ṣùgbọ́n ẹbí wà. Yorùbá ti ń sin òkú sílé tipẹ́: Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, Fẹlá Aníkúlápó Kútì sì wà nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà, èyí tó ti di Kalakuta Museum. Irú ilé bẹ́ẹ̀, bí olóògbé kò bá ṣe ìwé ìhágún, sábà máa ń di ilé ẹbí. Olórí ẹbí ló yẹ kó fọwọ́ sí lẹ́tà tó gba àjèjì láyè láti máa wọlé síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó ń fi owó ránṣẹ́ nìkan.

Àríyànjiyàn lórí ta ni olórí ẹbí kò tuntun. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí wọ́n dá ní Èkó ní 1908, ilé-ẹjọ́ gbà pé lẹ́yìn ikú dáwódù, ọmọ tó dàgbà jù lára àwọn tó kù ló ń di olórí, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹ̀gbọ́n obìnrin tí wọ́n ń sọ fún pé “ìwọ ò lè fọwọ́ síwèé ilé bàbá wa” lè rán wọn létí èyí. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí gbogbo ọmọ ṣèpàdé lórí fóònù, kí ẹnìkan kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, kí oníkálukú fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan sílé. Ẹbí tó bá kọ̀ láti ṣe èyí nítorí pé “a kì í kọ̀wé láàárín ọmọ ìyá” ni ìjà máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn nígbà tó bá yá, tó bá ti rẹ ẹni tó ń sanwó.

Lẹ́tà àṣẹ

Èyí ni ìwé tí olùtọ́jú yóò máa mú dání. Kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

“Èmi, ……, tí mo ń gbé ní ……, ọmọ olóògbé ……, tí sàréè rẹ̀ wà ní ……, nọ́ńbà ……, fún …… láṣẹ láti máa wọlé síbẹ̀ fún iṣẹ́ wọ̀nyí nìkan: gígé koríko, fífọ sàréè, kíkun lẹ́tà orúkọ, àti yíya fọ́tò. Kò ní àṣẹ láti gbẹ́ sàréè, láti ṣí i, láti sin ẹlòmíràn síbẹ̀, láti kọ́ ohunkóhun kún un, tàbí láti gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórúkọ ẹbí. Àṣẹ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ……, ó sì parí ní ọjọ́ ……, àyàfi bí mo bá fagi lé e ṣáájú.”

Ọ̀rọ̀ nípa sísin ẹlòmíràn síbẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Níbi tí àyè sàréè ti wọ́n, sàréè tí kò ní olójú lè di ti ẹlòmíràn, ẹni tó sì mọ̀ pé ẹbí kò sí nílé ni olùtọ́jú fúnra rẹ̀.

Ẹ̀dà kan fún olùtọ́jú, ẹ̀dà kan fún ọ́fíìsì itẹ́ òkú, ẹ̀kẹta lọ́wọ́ ọmọ. Kí ọ́fíìsì lu òǹtẹ̀ “a ti gbà á” sórí ẹ̀kẹta yẹn. Bí ọ́fíìsì bá gba lẹ́tà tí ọmọ fọwọ́ sí pẹ̀lú ẹ̀dà páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, kò sí ìdí láti lọ sọ́dọ̀ nọ́tárì. Kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó náwó.

Ìgbà tí power of attorney bá pọn dandan

Ó ní ìgbà tí lẹ́tà kò tó: bí wọ́n bá fẹ́ wó ibojì kọ́ òmíràn, bí ẹnìkan bá gba ojú sàréè tí ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù, tàbí bí kánsù bá ń bá ẹbí dúnàádúrà lórí kíkó òkú kúrò. Ìgbà náà, àbúrò, ìbátan tó ṣeé fọkàn tán tàbí lọ́yà ni kí wọ́n fún, kì í ṣe olùtọ́jú. Kí wọ́n dárúkọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà fún, kí wọ́n sì kọ ọ́ gbangba pé kò kan títa ilẹ̀, yíyá a tàbí fífi í dúró fún gbèsè. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá kú, irú ìwé yìí bá a lọ. Àwọn ọmọ tó kù yóò ní láti kọ òmíràn.

Ẹni tó bá wà ní Britain yóò fọwọ́ sí i níwájú notary public, wọn yóò gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjẹ́rìísí ìwé ti ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn ní Milton Keynes, lẹ́yìn náà ni High Commission Nàìjíríà ní Northumberland Avenue ní London. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Hague ti 1961, òǹtẹ̀ apostille nìkan ti tó, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò tíì wọ inú àdéhùn náà, ìdí nìyẹn tí ìwé fi gbọ́dọ̀ dé High Commission. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà náà gùn sí i: notary, ọ́fíìsì Secretary of State ti ìpínlẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ní Washington, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà ní Washington, New York tàbí Atlanta, gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé. Ní ìpínlẹ̀ New York, ó tún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ́fíìsì county clerk kọjá.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà yìí wà nínú òfin ẹ̀rí, Evidence Act ti 2011, abala 150: power of attorney tí wọ́n fọwọ́ sí níwájú nọ́tárì, adájọ́ tàbí aṣojú ìjọba Nàìjíríà nílẹ̀ òkèèrè, kóòtù yóò gbà pé bó ṣe wà nínú ìwé ló ṣe ṣẹlẹ̀, àyàfi tí ẹlòmíràn bá fi ẹ̀rí mìíràn hàn. Èyí náà ló ṣí ọ̀nà tó dínwó jù sílẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ nílé ní Dìsẹ́ńbà lè fọwọ́ sí i níwájú nọ́tárì ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta láàárín ọjọ́ kan. Lọ́yà tí Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà yàn ni nọ́tárì nílé, nítorí náà kí wọ́n wo òǹtẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ń lu òǹtẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù kì í ṣe nọ́tárì.

Àdéhùn pẹ̀lú olùtọ́jú

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù ni àwọn tó ń gbẹ́ sàréè àti àwọn ọ̀mọlé tó ń ṣiṣẹ́ ní itẹ́ òkú. Ọ̀pọ̀ wọn ń bá ẹbí púpọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní àdá tiwọn, wọ́n sì ń wá nígbà tó bá wù wọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gba iṣẹ́ ṣe ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọmọ náà. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ gbà á sílé, tó ń sanwó oṣù fún un, tó sì ń yan iṣẹ́ òòjọ́ fún un, ó dára kó fún un ní ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ àti owó rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Kí àdéhùn sọ èyí tó jẹ́.

Ìyókù kò le. Iye ìgbà tí yóò gé koríko ní àkókò òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé Júnù kì í ṣe ẹgbẹ́ Jánúárì. Ta ló ń ra ọṣẹ àti ọ̀dà. Ìgbà tí owó ń wọlé, iye tó jẹ́, àti pé ẹ̀yìn fọ́tò ni owó ń tẹ̀lé. Kí fọ́tò náà wá gẹ́gẹ́ bíi fáìlì: bí wọ́n bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp, ọjọ́ àti ibi tí fóònù ti yà á máa ń yọ dànù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, gbogbo rẹ̀ ń bá a wá. Ẹni tó ń fi fọ́tò ọdún tó kọjá gbowó ọdún yìí ni ọ̀nà yìí ń mú.

Kí wọ́n gba ẹ̀dà ìwé NIN rẹ̀, tó ní nọ́ńbà 11, àti orúkọ onídùúró kan tó ní àdírẹ́sì. Kí wọ́n má ṣe béèrè BVN rẹ̀, kò sí ohun tó kàn wọ́n níbẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ tirẹ̀ ni kí owó lọ tààrà, kó má gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni kọjá.

Bí kò bá mọ̀wé, èdè Yorùbá ni kí wọ́n kọ àdéhùn náà sí. Òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé fẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ kà á sí i létí kó tó tẹ̀ka, kó sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Àdéhùn tí kò ní èyí kò ní lè dúró ní kóòtù lòdì sí i.

Ohun kan kù, pàápàá fún sàréè inú ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Olùtọ́jú lè sọ pé òun ń wá yàrá kan lẹ́yìnkùlé kí òun lè máa ṣọ́ ilé. Kò burú, ṣùgbọ́n kí ìwé sọ pé ìyọ̀ǹda ẹbí ló fi ń gbé ibẹ̀, pé kò san owó ilé, àti pé yóò jáde láàárín oṣù tí wọ́n bá fẹnu kò sí. Òfin Èkó kò fún ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà ju ọdún 12 lọ láti gbé ẹjọ́ dìde, ọdún 12 sì máa ń tètè pé lójú ẹni tó wà lókè òkun.

Bí sàréè bá wà ní London, tí ọmọ wà ní Èkó

Ọ̀nà náà tún ń yí padà. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn kú sí Peckham ní àwọn ọdún 1980, tí àwọn sì ti padà sílé, ń wá olùtọ́jú níbẹ̀. Ìwé kan ló ṣe pàtàkì: Deed of Exclusive Right of Burial. Kì í ṣe ilẹ̀ ni wọ́n rà, ẹ̀tọ́ láti sìnkú síbẹ̀ fún iye ọdún kan ni. Òfin itẹ́ òkú àwọn kánsù ti 1977 kò gbà kí ẹ̀tọ́ yìí ju 100 ọdún lọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ kánsù sì ń fúnni ní èyí tó kéré sí i. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé yẹn nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tún òkúta ibojì ṣe. Bí ẹni náà bá ti kú, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀tọ́ náà sórúkọ ara wọn, pẹ̀lú ìwé probate tàbí statutory declaration, èyí tí wọ́n lè ṣe níwájú nọ́tárì ní Nàìjíríà bí kánsù bá gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí òkúta náà sábà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé àwọn àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ òkúta ibojì sílẹ̀, ìyẹn BRAMM tàbí NAMM. Ẹni tó kàn ń gbin òdòdó kò nílò rẹ̀.

Yálà itẹ́ òkú Atan ní Èkó ni o tàbí ti Camberwell ní London, rìsíìtì ìsìnkú ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì rí i, kó pe ẹ̀gbọ́n tó ṣètò ìsìnkú náà lọ́sẹ̀ yìí, kó sì ní kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ àpótí tí ó wà nínú rẹ̀.